Orúkọ Ilé Bàbá, Orúkọ Ilé Ọkọ: Bí Ó Ṣe Yẹ Kí Orúkọ Wa Wà Lórí Ìwé Ọlọ́pàá Fún Físà

Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ ìlanilọ́yẹ̀ ẹgbẹ́ wa sọ níbi ìpàdé gbogboogbò. A tẹ̀ ẹ́ jáde fún àǹfààní àwọn tí ọjà kò jẹ́ kí wọ́n ráyè wá.

    A mọ̀ pé wákàtí kan tí ẹ fi àtẹ sílẹ̀, owó ni. Nítorí náà, a ò ní fi ọ̀rọ̀ falẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tòní kì í ṣe ti owó ìsọ̀, kì í ṣe ti ìdọ̀tí. Ọ̀rọ̀ orúkọ ni. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní ọmọ lókè òkun. Àwọn mìíràn, ọkọ wọn ló wà lọ́hùn-ún. Nígbà tó bá yá, ọmọ á ní, “Màámi, mo ti fọwọ́ sí ìwé fún yín, ẹ wá jókòó tì mí.” Inú gbogbo wa á dùn, a ó bá a yọ̀. Ṣùgbọ́n tó bá tó oṣù mélòó kan, ẹ ó tún rí ìyá yẹn nídìí àtẹ, ojú rẹ̀ ò dùn mọ́. Tí ẹ bá bi í, á ní wọ́n dá ìwé òun padà. Kí ló fà á? Kì í ṣe owó. Kì í ṣe àìsàn. Orúkọ inú ìwé kan kò bá ti ìkejì mu. Wọ́n ní àwọn ò mọ̀ bóyá ẹnì kan náà ni. Ẹ̀yin tí gbogbo ọjà mọ̀ láti ọgbọ̀n ọdún!

Ìwé tí èyí ti máa ń ṣẹlẹ̀ jù ni ìwé ọlọ́pàá. Òun la fẹ́ tú wò lónìí.

ÌWÉ WO LÀ Ń SỌ?

Físà oríṣi méjì ló wà. Ọ̀kan wà fún ẹni tó fẹ́ lọ kí ọmọ, tó máa padà wálé. Ìkejì wà fún ẹni tó ń lọ gbé ibẹ̀ pátápátá. Ti ìkejì yìí là ń sọ. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ìlú wọn, wọ́n á fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti dá ọ̀ràn rí. Ibi tí ìwé ọlọ́pàá ti wọlé nìyẹn. Ọlọ́pàá á yẹ àkọsílẹ̀ wọn wò, wọ́n á sì kọ ọ́ sínú ìwé bóyá ẹni yìí ní ẹjọ́ ọ̀daràn lọ́dọ̀ wọn tàbí kò ní.

Àwọn ọmọ wa ń pè é ní police report. Orúkọ tí ọlọ́pàá Nàìjíríà fúnra wọn ń pè é ni Police Character Certificate. Gbogbo Èkó ló mọ Alágbọn ní Ìkòyí, níbi tí wọ́n ti ń tẹ ìka fún un láti ọjọ́ pípẹ́. Lóde òní, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè rẹ̀, lórí ojú ìwé tí ọlọ́pàá ń pè ní POSSAP, lẹ́yìn náà ni èèyàn á lọ tẹ ìka.

Amẹ́ríkà ń béèrè ìwé yìí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ti tó ọdún 16, tó sì fẹ́ gba físà ìgbé. Kánádà náà ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá ti pé ọdún 18. Nítorí náà, kì í ṣe ìyá nìkan. Tí ọmọ yín obìnrin tó jẹ́ ọdún 17 bá wà nínú ìwé ìrìn-àjò Amẹ́ríkà, òun náà ní láti gba tirẹ̀.

KÍ LÓ DÉ TÍ ORÚKỌ WA FI PỌ̀?

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ọ̀rọ̀ orúkọ wa kò rí bíi tàwọn òyìnbó. Wọ́n bí ọmọ, ní ọjọ́ kẹjọ ìyá àgbà sọ tirẹ̀, bàbá àgbà sọ tirẹ̀, ìyá ọkọ náà ju owó sínú abọ́, ó sọ ọ́ ní tirẹ̀. Tó bá jẹ́ ìbejì tàbí ó wọ́ ìwọ́ bọrùn, ó ti gbé orúkọ bọ̀ látọ̀run. Oríkì wà níbẹ̀: Àṣàkẹ́, Àbẹ̀kẹ́, Àjíkẹ́. Wọ́n gbé e dé ṣọ́ọ̀ṣì, ó di Comfort. Wọ́n gbé e dé mọ́sálásí, ó di Sikirat. Ó délé ẹ̀kọ́, tíṣà kọ èyí tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn sílẹ̀. Ó délé ọkọ, ó di Ìyàwó. Ó bímọ, ó di Ìyá Bọ́sẹ̀. Ó dé ọjà, ó di Ìyá Elépo.

Orúkọ ìdílé tí à ń kọ sẹ́yìn orúkọ ẹni yìí, ọwọ́ ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ìwé àwọn òyìnbó la ti rí i. Ẹ wo Ẹfúnróyè Tinúubú, Ìyálóde Ẹ̀gbá tó kú ní 1887. Ó fẹ́ ju ọkọ kan lọ láyé rẹ̀, Ọba Adélé ti Èkó wà nínú wọn, ṣùgbọ́n orúkọ tirẹ̀ ni ìtàn ń pè títí dòní. Ẹ wá wo Fúnmiláyọ̀ tó kó àwọn obìnrin ọjà Ẹ̀gbá jọ nítorí owó orí, títí Aláké fi kúrò lórí ìtẹ́ ní 1949. Ilé Thomas ni wọ́n bí i sí l'Abẹ́òkúta ní 1900. Ó lọ́kọ ní 1925, ó di Ransome-Kuti. Ní àwọn ọdún 1970, ó tún di Aníkúlápó-Kútì. Ìyá kan náà, orúkọ ìdílé mẹ́ta. Ká ní òun ló fẹ́ gba ìwé ọlọ́pàá fún físà ìgbé, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló máa kọ síbẹ̀.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ wa ò mọ̀. Kò sí òfin Nàìjíríà tó fi dandan lé e pé kí obìnrin yí orúkọ padà torí pé ó lọ́kọ. Àṣà ni. Ẹni tó bá yí i, kò ṣẹ̀. Ẹni tí kò yí i, kò ṣẹ̀. Ibi tí ìjàngbọ̀n wà ni kí á yí i ní ìdajì: kí páásípọ́ọ̀tù máa jẹ́ orúkọ ọkọ, kí ìwé ìbí àti ìwé ẹ̀rí máa jẹ́ orúkọ bàbá, kí ìwé báńkì sì máa jẹ́ “Alhaja” pẹ̀lú orúkọ ṣọ́ọ̀bù. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ wa ṣe wà.

ÌDÍ TÍ WỌ́N FI Ń FẸ́ ORÚKỌ MÉJÈÈJÌ

Ìdí méjì ni. Àkọ́kọ́: orúkọ wà lára ohun tí ọlọ́pàá fi ń wá ẹjọ́ nínú àkọsílẹ̀. Ká sọ pé obìnrin kan lọ́kọ ní ọdún 30. Gbogbo ohun tó ṣe kó tó di ọmọ ọdún 30, orúkọ bàbá rẹ̀ ló fi ṣe é. Tí ìwé ọlọ́pàá bá gbé orúkọ ọkọ nìkan, ẹni tó ń wo ìwé lẹ́ńbásì á ní, “Ti ìgbà tí ẹ fi wà nílé bàbá yín ńkọ́?” Wọn ò pe èèyàn lólè o. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ wọn ni.

Ìkejì: àwọn ìwé yẹn ní láti di ara wọn mú bí ẹ̀wọ̀n. Ìwé ìbí ń jẹ́ orúkọ bàbá. Páásípọ́ọ̀tù ń jẹ́ orúkọ ọkọ. Kí ló so wọ́n pọ̀? Ìwé ìgbéyàwó ni, torí òun ló fi hàn pé ọmọ Lágbájá ló fẹ́ Tàmẹ̀dò. Tí ìwé ọlọ́pàá náà bá gbé orúkọ méjèèjì, ó di okùn kejì. Ẹni tó ń wò ó ò ní máa méfò mọ́.

Ẹ tún gbọ́ èyí, torí ó kan àwa ọlọ́jà gan-an. Àwọn kan nínú wa, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ti kó wọn rí nítorí pé wọ́n pàtẹ sẹ́bàá títì. Wọ́n gbé wọn lọ síwájú adájọ́, wọ́n san owó ìtanràn, wọ́n wálé. Wọ́n rò pé ó ti tán. Ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù físà á béèrè bóyá wọ́n ti mú yín rí. Ẹ má purọ́. Ẹ sọ ọ́, kí ẹ sì wá ìwé ilé ẹjọ́ náà àti rìsíìtì owó ìtanràn. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀sùn ló ń dí èèyàn lọ́nà. Irọ́ ló máa ń di ọ̀ràn. Ẹni tí Amẹ́ríkà bá mú pé ó mọ̀ọ́mọ̀ purọ́ lórí ohun tó ṣe kókó láti fi gba físà, wọ́n lè ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn títí ayé. Ti Kánádà, ọdún 5 ni. Ẹni tó bá sì fi orúkọ bàbá rẹ̀ pamọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àìmọ̀kan ló ṣe é, á jọ lójú wọn bí ẹni tó ń bo nǹkan mọ́lẹ̀.

BÍ Ó ṢE YẸ KÁ ṢE É

Àkọ́kọ́, ẹ tẹ́ ẹní sílẹ̀, ẹ kó gbogbo ìwé yín sórí rẹ̀ bí ẹni pàtẹ. Ìwé ìbí tàbí ìwé tí àjọ ètò ìkànìyàn fún yín, ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́, ìwé ìgbéyàwó, páásípọ́ọ̀tù àtijọ́ àti tuntun, káàdì NIN, ìwé ìbí àwọn ọmọ. Ẹ jẹ́ kí ọmọ tó mọ̀wé kọ orúkọ tó wà lórí ìkọ̀ọ̀kan sílẹ̀ gẹ́lẹ́ bó ṣe wà níbẹ̀, létà sí létà. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kó tún un ṣe.

Ìkejì, orúkọ tó wà nínú páásípọ́ọ̀tù ni olórí. Òun ni ìwé ọlọ́pàá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé. Gbogbo èyí tó kù, “orúkọ mìíràn” ni wọ́n.

Ìkẹta, tí wọ́n bá ń kún fọ́ọ̀mù fún yín, ẹ béèrè pé, “Níbo ni wọ́n ti ń kọ orúkọ àtijọ́?” Ẹ rí i pé wọ́n kọ ọ́. Ní ọjọ́ tí ẹ bá lọ tẹ ìka, ẹ mú ìwé ìgbéyàwó dání àti ẹ̀dà rẹ̀. Kí wọ́n tó tẹ ìka yín, ẹ sọ fún ọ̀gá tó wà níbẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, físà ìgbé ni mo fẹ́ fi ìwé yìí ṣe. Ẹ bá mi kọ orúkọ ilé bàbá mi mọ́ ti ọkọ mi.” Ká fi àpẹẹrẹ ṣe é: tí orúkọ páásípọ́ọ̀tù bá jẹ́ Fọláṣadé Adéyẹmí, tí orúkọ ilé bàbá sì jẹ́ Ògúnlẹ́yẹ, ohun tí à ń fẹ́ kí ìwé sọ ni pé Fọláṣadé Adéyẹmí yìí ni ẹni tó ń jẹ́ Fọláṣadé Ògúnlẹ́yẹ tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sábà máa ń fi kọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì ni “formerly” tàbí “née”. Ẹ ní kí ọmọ bá yín kọ ọ́ sínú tákàdá kékeré, kí ẹ mú un dání.

Ìkẹrin, nígbà tí ìwé bá jáde, ẹ má tíì kúrò níbẹ̀. Bí ẹ ṣe máa ń ka owó níwájú oníbàárà, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ ka ìwé yẹn. Orúkọ, ọjọ́ ìbí, nọ́mbà páásípọ́ọ̀tù. Létà kan tó bá yàtọ̀, ẹ dá a padà lójú ẹsẹ̀. Ó rọrùn láti tún un ṣe níbẹ̀ ju lẹ́yìn oṣù mẹ́ta lọ.

Tí wọ́n bá wá sọ fún yín pé orúkọ páásípọ́ọ̀tù nìkan ni àwọn lè kọ ńkọ́? Ẹ má bá wọn jà. Ẹ gba ìlé ẹjọ́ gíga lọ, ẹ búra níwájú akọ̀wé kọ́ọ̀tù pé ẹnì kan náà ló ń jẹ́ orúkọ méjèèjì. Ìwé ìbúra yìí ni wọ́n ń pè ní affidavit. Ẹ fi í mọ́ ìwé ìgbéyàwó, ẹ fi méjèèjì mọ́ ìwé ọlọ́pàá. Kí ẹ sì rí i pé orúkọ bàbá yín wà nínú fọ́ọ̀mù físà fúnra rẹ̀, torí ibẹ̀ náà ń béèrè gbogbo orúkọ tí ẹ ti jẹ́ rí. Ti fọ́ọ̀mù tí ọmọ yín kọ́kọ́ fi síwájú ìjọba Amẹ́ríkà náà ń béèrè rẹ̀. Ohun tó wà ní tọ̀hún gbọ́dọ̀ bá tibí mu.

Ẹ tún ṣọ́ ọ̀rọ̀ sípẹ́lì. Ẹ̀rọ páásípọ́ọ̀tù ò mọ àmì ìsàlẹ̀, kò mọ àmì ohùn. Ṣadé lè di Sade, ó lè di Shade. Ṣọlá lè di Sola tàbí Shola. Rashidat, Rasheedat, Rasidat, lójú tiwa ọ̀kan ni. Lójú kọ̀ǹpútà mẹ́ta ni. Tí ìwé kan bá gbé S, tí ìkejì gbé Sh, ẹ ka ìkejì sí orúkọ mìíràn, kí ẹ kọ ọ́ síbẹ̀. “Alhaja”, “Chief” àti “Deaconess”, oyè ni wọ́n, wọn kì í ṣe orúkọ. Ẹ yọ wọ́n kúrò, àfi tí ìwé ìjọba kan bá ti kọ ọ́ bí ẹni pé orúkọ ni.

ÌYÁ TÍ ỌMỌ Ń MÚ LỌ

Èyí ló pọ̀ jù láàárín wa. Ọmọ tó bá ti di ọmọ ìlú Amẹ́ríkà, tó sì ti pé ọdún 21, lè béèrè fún ìyá rẹ̀. Ohun tó fi ń hàn pé ìyá òun ni ni ìwé ìbí ọmọ náà, tí orúkọ ìyá wà nínú rẹ̀. Ẹ lọ wo ìwé yẹn lálẹ́ òní. Àwọn kan á rí orúkọ bàbá wọn níbẹ̀. Àwọn kan á rí ti ọkọ. Àwọn kan á rí oríkì, torí pé ìyá àgbà ló lọ gba ìwé náà, ohun tó ń pe ìyàwó rẹ̀ ló sọ fún wọn. Orúkọ yòówù kó jẹ́, ó gbọ́dọ̀ wà lára àwọn tí ẹ ó kọ, ẹ sì gbọ́dọ̀ ní ìwé tó so ó mọ́ orúkọ páásípọ́ọ̀tù.

Ẹni tó ti kọ ọkọ, tó tún ọkọ fẹ́, orúkọ mẹ́ta ló ní: ti bàbá, ti ọkọ àkọ́kọ́, ti ọkọ ìsinsìnyí. A mọ̀ pé àwọn kan ò fẹ́ dárúkọ ọkọ àkọ́kọ́ mọ́. A gbọ́. Ṣùgbọ́n tí ìwé ìbí àkọ́bí bá ń jẹ́ orúkọ yẹn, kò sí bí ẹ ṣe lè fò ó. Ẹ kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ sì wá ìwé ìkọ̀sílẹ̀. Tó bá jẹ́ ìgbéyàwó rẹ́jísírì tàbí ti ṣọ́ọ̀ṣì tó lábẹ́ òfin ni, ilé ẹjọ́ gíga nìkan ló lè tú u. Kóótù ìbílẹ̀ ò lágbára lórí rẹ̀. Tó bá jẹ́ ti ìbílẹ̀, kóótù ìbílẹ̀ tó.

Opó náà, ẹ má rò pé ikú ọkọ ló dá orúkọ bàbá padà fún yín. Orúkọ tó wà lórí páásípọ́ọ̀tù ni ẹ ṣì ń jẹ́. Ẹ fi ìwé ikú ọkọ mọ́ ìwé ìgbéyàwó.

Ẹni tí wọ́n ṣe ìdána fún nìkan, tí kò sí ìwé kankan, ó ní láti bẹ̀rẹ̀ ní kíákíá. Kó lọ sí ìjọba ìbílẹ̀ tàbí kóótù ìbílẹ̀ àdúgbò rẹ̀, kó béèrè ìwé tí wọ́n lè fún un fún ìgbéyàwó náà. Ẹni tí wọ́n so yìgì fún, kó lọ bá lẹ́mọ́ọ̀mù fún ìwé yìgì.

ÀWỌN TÍ WỌ́N TI GBÉ ÌLÚ MÌÍRÀN RÍ

Ọlọ́jà ò ní ibùgbé kan. Àwọn kan nínú wa ti gbé Kutọnu, wọ́n tajà ní Dantokpa. Àwọn kan ti gbé Lomé. Àwọn ará Èjìgbò, Àbíjàn ni ilé kejì wọn. Àwọn àgbà wa kan ṣì rántí Ghana, kí ìjọba ibẹ̀ tó ní kí àwọn àlejò máa lọ ní November 1969. Amẹ́ríkà ní, ìlú yòówù tí ẹ bá ti gbé fún oṣù 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, láti ìgbà tí ẹ ti pé ọdún 16, ẹ gba ìwé ọlọ́pàá ibẹ̀ wá. Ti Kánádà, fún ẹni tó ń bá ètò àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ lọ, oṣù 6 léra wọn nínú ọdún 10 tó kọjá ni wọ́n ń wò.

Ibí ni orúkọ ti tún ń díjú. Ní àwọn ìlú tó ń sọ Faransé, orúkọ ìbí obìnrin ni ìwé ìjọba wọn ń tẹ̀ lé. Wọ́n á kọ ọ́ ní orúkọ bàbá, wọ́n á wá fi ti ọkọ tẹ̀ lé e. Nítorí náà, tí ẹ bá ń béèrè ìwé tí wọ́n ń pè ní casier judiciaire, orúkọ bàbá ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé sílẹ̀. Ẹni tó sì jẹ́ pé ọmọge ló fi gbé Accra, tó wá lọ́kọ nígbà tó dé Nàìjíríà, kò lè fi orúkọ ọkọ nìkan béèrè ìwé lọ́dọ̀ ọlọ́pàá Ghana. Wọn ò mọ̀ ọ́n ní orúkọ yẹn.

BÍ AMẸ́RÍKÀ ṢE WÀ BÁYÌÍ

A ò gbọdọ̀ tan ara wa. Ní December 2025, ààrẹ Amẹ́ríkà kéde pé láti ọjọ́ 1 January 2026 ni ìdíwọ́ ti wà fún físà ìgbé àti àwọn físà mìíràn fún ọmọ Nàìjíríà. Físà lọ́tìrì tí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì ń gba owó lé lórí, Nàìjíríà ti kúrò nínú rẹ̀ láti DV-2015. Ẹni tó bá ní òun máa bá yín ta tẹ́tẹ́ físà lónìí, olè ni.

Ṣé ká wá dẹ́kun ni? Rárá o. Ìwé ọlọ́pàá ni ẹ má sáré gbà. Ọdún 2 ni Amẹ́ríkà fi ń gbà á wọlé, lẹ́yìn náà ó ti gbó, ẹ ó tún gba òmíràn. Kánádà náà ń fẹ́ tuntun. Ṣùgbọ́n àtúnṣe orúkọ kì í gbó. Ìwé ìgbéyàwó, ìwé ìbúra, orúkọ NIN, ìwé ìkọ̀sílẹ̀, ìsinsìnyí tí ọ̀nà ṣe díẹ̀díẹ̀ yìí ló yẹ kí ẹ tò wọ́n. Tí ọ̀nà bá là, ẹni tí ilé rẹ̀ ti wà létò ló máa kọ́kọ́ dìde.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn agbódegbà tó máa ń dúró sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n á ní, “Màámi, ẹ mú owó wá, ẹ má ṣèyọnu láti tẹ ìka.” Ìwé ọlọ́pàá tí ẹ kò tẹ ìka fún, ìwé ayédèrú ni. Tí ẹ́ńbásì bá mọ̀, ẹ̀yin ni wọ́n máa dì lẹ́bi, kì í ṣe agbódegbà. Ẹ san owó ní ọ̀nà tí ìjọba là sílẹ̀, kí ẹ sì gba rìsíìtì.

ÌBÉÈRÈ ÀTI ÌDÁHÙN

Ìyá kan nísọ̀ ẹlẹ́ja béèrè pé: Mo ti lọ́kọ láti ogójì ọdún, kò sẹ́ni tó mọ orúkọ bàbá mi mọ́. Ṣé dandan ni?
Ìdáhùn: Dandan ni, ìyá wa. Ìwé ìbí yín mọ̀ ọ́n. Ẹ má tijú orúkọ bàbá yín, òun ló bí yín.

Ìbéèrè: Èmi ò yí orúkọ mi padà rárá. Orúkọ bàbá mi ló wà lórí gbogbo ìwé. Ṣé kí n wá fi ti ọkọ sí i?
Ìdáhùn: Tí kò bá sí ìwé kankan tó gbé orúkọ ọkọ, ẹ má fi kún wàhálà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìwé ìbí àwọn ọmọ kí ẹ tó búra. Ibẹ̀ ló sábà máa ń fara pamọ́ sí.

Ìbéèrè: “Ìyá Elépo” tí wọ́n ń pè mí lọ́jà ńkọ́?
Ìdáhùn: Tó bá jẹ́ ẹnu lásán ni, ẹ fi sílẹ̀. Tó bá wà lórí ìwé báńkì tàbí ìwé ẹjọ́, ẹ kọ ọ́.

Ìbéèrè: Mo ti gba ìwé ọlọ́pàá tó gbé orúkọ ọkọ nìkan. Ṣé owó mi ti jóná nìyẹn?
Ìdáhùn: Kì í ṣe gbogbo ìgbà. Àwọn kan ti fi ìwé ìgbéyàwó àti ìwé ìbúra gbè é lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ kò bá tíì fi sílẹ̀, tí ẹ sì lágbára àti gba òmíràn, èyí tó gbé orúkọ méjèèjì ló fọkàn balẹ̀ jù.

Ìbéèrè: Ṣé kí n yí páásípọ́ọ̀tù mi padà sí orúkọ bàbá kí gbogbo rẹ̀ lè dọ́gba?
Ìdáhùn: Ẹ má kù gììrì. Ẹni tó bá ń yí orúkọ padà lójú ọ̀nà físà ń dá ìbéèrè tuntun sílẹ̀ fún ara rẹ̀ ni. Ìwé tó so orúkọ méjèèjì pọ̀ ti tó.

Ẹ̀yin ìyá wa, ibi tí a máa fi mọ sí nìyí. Àwa tó ń tajà, a mọ ohun tí à ń pè ní àkọsílẹ̀. Ẹni tó bá ta ọjà àwìn, tí kò kọ orúkọ ẹni tó jẹ ẹ́ dáadáa, kò ní mọ ilé tó máa kàn. Bẹ́ẹ̀ ni ti ìwé yìí. Nínú oṣù tó ń bọ̀, àwọn tó bá fẹ́ kí á bá wọn yẹ ìwé wọn wò lè mú ẹ̀dà wá sí ọ́fíìsì ẹgbẹ́ lẹ́yìn ìpàdé. Ẹ̀dà o, ẹ fi ojúlówó sílé. Àwa ò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ọlọ́run á jẹ́ ká ta, ká jèrè, ká sì fojú kan àwọn ọmọ wa níbi tí wọ́n wà.  Ajé á wọgbá o.